Ọ̀bẹ Tó Purọ́ Mọ́ Iṣu

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ọ̀gá mi obìnrin.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ irú èyí tí iṣu jẹ́. Iṣu tó ṣì léwé lórí kò ṣòro: mẹ́ta-mẹ́ta ni ewé èsúrú, ìtàkùn ewùrà ní igun. Èyí tí kò léwé mọ́ ni wọ́n ń gbé wá bá a. Á fi abẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á fi í sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, á wo bí hóró kéékèèké inú rẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn náà á fi ọ̀bẹ gé òmíràn, á gún un, á kán oògùn àyẹ̀wò sómi rẹ̀. Bó bá pọ́n bí ọsàn, májèlé ń bẹ níbẹ̀. Ìyá Fẹ́lẹ́ là ń pè é. Èmi ni mò ń fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àgbẹ̀, hú iṣu nínú igbó tí ìyá wọn ń ro láyé àtijọ́. Ó ní iṣu ìyá àwọn ni, èyí tí àwọn ti wá tì. Òkìtì kan ló kó jọ, ó fẹ́ fi ṣe èbù. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan wá, torí èsúrú igbó lè jọ ọ́, èsúrú igbó sì ń pa èèyàn.

Bàbá náà jókòó, ó ń fi àbúrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, pé ègé tó tín-ín-rín báyìí, ta ló fẹ́ yó? Ìyá Fẹ́lẹ́ fi ọ̀bẹ gé òmíràn, ó gún un, ó kán oògùn sí i. Ó pọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dà á nù.”

 Bàbá dìde, ó lọ.

Ìgbà tí Ìyá Fẹ́lẹ́ ń palẹ̀ mọ́ ló tó wo awò. Hóró èsúrú kì í tóbi. Ti iṣu yìí tóbi, ó gùn bí ẹyin. Awò ń sọ tirẹ̀, oògùn ń sọ tirẹ̀.  Ó wá bi mí pé ta ló fọ ọ̀bẹ láti àárọ̀. Mo ní kò sẹ́ni. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Èsúrú igbó ló sì fi ọ̀bẹ náà gé láàárọ̀.

Ó fọ̀ ọ́. Ó gé òmíràn, ó kán oògùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Kò pọ́n.

Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wọ mọ́tò.

Létí kòtò ẹ̀yìn ilé ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdajì òkìtì ti wọnú kòtò, kẹrosíìnì ti wà lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò fọ ọ̀bẹ.”

Bàbá wò ó. “Ìwọ tó o máa ń na àwọn ọmọ mi torí wọn ò fọwọ́?”

“Èmi náà ni.”

“Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló máa jẹ iṣu yìí. Tí ọ̀bẹ bá tún yí ọ̀rọ̀ padà lọ́la ńkọ́?”

 Ìyá Fẹ́lẹ́ mú ọ̀kan lára ìdajì tó kù, ó wọ ilé ìdáná ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ìyókù títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́ bá òun.

Iṣu yẹn ló sè, òun nìkan ló sì jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ègé mẹ́ta, pẹ̀lú iyọ̀.