Orúkọ Tí Mo Kọ Sórí Tíkẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù keje ni dókítà sọ fún wa pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ọkàn màmá mi, pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe é. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tá a ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti ń dìde kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà nígbà tí Màmá fi ọwọ́ ti ìwé tó gbé síwájú wọn padà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ti àwo oúnjẹ tí kò wù ú. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún dókítà pé àwọn ò kọ iṣẹ́ abẹ o, ṣùgbọ́n àwọn ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan àfi tí àwọn bá kọ́kọ́ fojú kan àbúrò àwọn.

Àbúrò wọn kan ṣoṣo tó kù láyé ni Àǹtí Kékeré. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n láti ilẹ̀ wá nìyẹn. Boston ni wọ́n ń gbé, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀ bí èmi náà ṣe ń tọ́jú arúgbó ní Clonsilla níbí, ní Dublin. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti bá ọkọ wọn lọ. Èmi wá sí Dublin lẹ́yìn wọn, mo sì mú Màmá wá nígbà tí ìwé tèmi jáde. Láti ọjọ́ tí Àǹtí ti kúrò nílé, àwọn méjèèjì ò tíì fojú kan ara wọn mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Mo bi Màmá pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé sọ lórí fóònù. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ sọ, ojúkojú ni àwọn fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n wá yíjú sí ògiri. Bí màmá mi bá ti yíjú sí ògiri báyìí, ẹ lọ gbé ìjọba wá, wọn ò ní dáhùn. Inú bí mi débi pé mo jáde síta kí n má baà sọ̀sọkúsọ. Dókítà tẹ̀lé mi. Ó ní ọkàn Màmá ti rẹ̀ gan-an, pé tí ìwé náà ò bá ti ní ìfọwọ́sí títí ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹlòmíràn ni àwọn máa fún láyè náà, àwa á sì padà sẹ́yìn ìlà. Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ohùn tó fi sọ ọ́ rọ̀, ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

Ó di dandan kí Àǹtí Kékeré dé Dublin kó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú.

Ẹ ò tíì rí wàhálà, àfi tí ẹ bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì láti Amẹ́ríkà sí Dublin nínú oṣù keje, pẹ̀lú owó ẹni tó ń tọ́jú arúgbó. Gbogbo Amẹ́ríkà ló ń bọ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá wo abúlé níbí tí bàbá bàbá bàbá wọn ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń bọ̀ wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè àti nílé ọtí. Mi ò bá wọn jà, kò burú kí èèyàn mọ orírun rẹ̀. Àmọ́ òkú olókùú ló wá gbé owó lé tíkẹ́ẹ̀tì Àǹtí tèmi! Ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ tààrà láti Boston, díẹ̀ ló kù kí owó ẹ̀ tó owó oṣù mi méjì. Èyí tó bá dínwó, á gbé èèyàn lọ sí Iceland, á fi í jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mọ́kànlá. Òmíràn á gbé e kọjá wa lọ sí Lisbon, á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e padà bọ̀. Àǹtí Kékeré ti lé lọ́gọ́ta, orúnkún sì ń dùn wọ́n.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, mi ò ṣe nǹkan mìíràn. Mo jókòó sí kíṣìnì wa ní Huntstown, fóònù lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà ọmọ mi níwájú. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló ní kí n máa pa ojú ìwé náà dé kí n tún un ṣí, pé àwọn ẹ̀rọ yẹn máa ń dá ẹni tí ọ̀ràn ká lára mọ̀, wọ́n á sì fowó lé e. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé gbogbo ẹ̀ á grand, bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan á dáa níbí. Ibí la bí i sí, kò sí ohun tí kì í grand lójú tiẹ̀. Mo ní kó kúrò níwájú mi kó lọ fọ abọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo rí i. Boston sí Dublin, tààrà, yóò gbéra ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò balẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Owó ẹ̀ ò tó ìdajì èyí tí mo ti ń rí. Orí ìkànnì àwọn alágbàtà kan ló wà, àwọn tó máa ń ta àyè tó bá ṣẹ́ kù nígbà tí ọjọ́ bá ti sún mọ́lé. Wọ́n fi pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè kan ló kù, wọ́n sì gbé aago kan sókè tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn láti orí mẹ́wàá.

Mo kọ orúkọ ìsàmì wọn. Ìyẹn ò ṣòro, mo ti rí i lára ìwé ètò ìgbéyàwó wọn nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ku orúkọ ìdílé, kó rí bó ṣe rí nínú páàsìpọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́. Ọwọ́ mi dúró. Obìnrin tó wẹ̀ mí, tó pọ̀n mí, tó kọ́ mi ní a-bí-dí, mi ò fi ẹnu mi pe orúkọ rẹ̀ rí. Ta ni mo jẹ́? Mi ò sì bi wọ́n rí pé kí lorúkọ yín, irú ọmọ wo ló ń bi àgbà bẹ́ẹ̀? Mo pe Boston. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́, fóònù wọn sì ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí àwọn ọ̀gá wọn ṣe pa á láṣẹ. Ó dún títí, ó dákẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Mo bá pe Màmá ní ọsibítù tí wọ́n dá wọn dúró sí. Mo bi wọ́n pé kí ni orúkọ ìdílé tí Àǹtí Kékeré ń jẹ́ nínú ìwé. Màmá mi, tí kì í pe àbúrò wọn ní nǹkan mìíràn ju oríkì lọ, jágbe mọ́ mi.

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Orúkọ ta ni ìyàwó ilé ń jẹ́, bí kì í bá ṣe ti ọkọ ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Orúkọ ọkọ wọn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́tà nígbà tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà: Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin lágbájá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo san owó. Nígbà tí ẹ̀rọ náà sọ fún mi pé ó ti wọlé, mo fi orí lé tábìlì, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo fi tíkẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sórí fóònù Àǹtí.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n pè mí, nígbà tí wọ́n jáde níbi iṣẹ́. Mo ti ń retí àdúrà, nítorí àdúrà Àǹtí Kékeré kì í tán bọ̀rọ̀. Wọn ò ṣàdúrà. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́. Wọ́n wá ní ta ló ní kí n kọ orúkọ yẹn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn di ọmọ Amẹ́ríkà, orúkọ bàbá àwọn ni àwọn fi gba páàsìpọ́ọ̀tù, ti ọkọ ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ pọ̀, kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àwọn gbọ́. Wọ́n ń bẹ̀ mí, èmi ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, wọ́n ń bẹ̀ mí.

Odindi ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orin ni mo ń gbọ́ lórí fóònù àwọn alágbàtà. Nígbà tí ẹnì kan dáhùn, ó ní ẹni tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó wà nínú páàsìpọ́ọ̀tù, èèyàn méjì ni lójú tàwọn. Àwọn kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn, àwọn kì í sì í dá owó padà. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní obìnrin kan náà ni. Ó ní ó dun òun. Mo gbóhùn sókè, mo sọ ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ sọ, ó sì pa fóònù. Mo tún pè, ẹlòmíràn gbé e, ohun kan náà ló sọ. Mo ní kí Àǹtí ṣáà gbé àpò wọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, bóyá wọ́n á rí ẹni tó lójú àánú. Wọ́n lọ, wọ́n mú ìwé ìgbéyàwó àtijọ́ dání láti fi hàn pé àwọn jẹ́ orúkọ yẹn rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dá wọn padà. Tíkẹ́ẹ̀tì tó kù, ìlọ́po mẹ́ta owó tàkọ́kọ́ ni, Ọjọ́bọ̀ ni yóò gbéra, ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò tó dé.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù, mo sì ń to irọ́ jọ lọ́nà. Màá ní ọkọ̀ òfuurufú pẹ́ díẹ̀, pé Àǹtí wà lọ́nà, kí Màmá ṣáà fọwọ́ sí i ná. Mo ti to irọ́ náà dáadáa, kò sí ibi tó ń jò. Ìgbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, Màmá ti wẹ̀, wọ́n ti kun àtíkè, wọ́n ti wọ búbá funfun tí mo ti gbé wá fún wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò wọn. Ìwé dókítà wà lórí tábìlì. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Gbogbo irọ́ tí mo tò ṣá mọ́ mi lẹ́nu.

Mo rántí ẹ̀bẹ̀ Àǹtí Kékeré. Mo wo ìwé yẹn, mo wo aago. Mo bá kúnlẹ̀.

"Màmá, wọn ò bọ̀ lónìí. Orúkọ tí mo kọ kì í ṣe èyí tó wà nínú páàsìpọ́ọ̀tù wọn."

"Èwo lo kọ?"

"Ti ọkọ wọn."

"Èwo ló wà níbẹ̀?"

"Ti bàbá yín."

Mo ń retí ìbínú. Màmá di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Wọ́n mí, wọ́n tún mí, mo sì ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tí a fi ń pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Ó ti kúrò nílé ọkùnrin yẹn." Wọn ò sọ ọ́ bí ìbéèrè. Wọ́n ní kí n pè é.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní Boston. Mo gbé fóònù sáàárín wa kí á lè jọ gbọ́. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn má bínú. Màmá ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá bi Àǹtí pé ó ti tó ọdún mélòó.

Àǹtí ní, "Ọdún mọ́kànlá."

Ọdún mọ́kànlá. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá pè wọ́n, mo máa ń ní kí wọ́n bá mi kí ọkọ wọn tí mò ń pè ní Dádì, wọ́n á ní Dádì á gbọ́. Kò sí ìgbà tí Màmá náà kì í ní kí wọ́n máa tọ́jú ọkọ wọn. Obìnrin kan dá jókòó sínú yàrá kan ní Boston, ó ń bá ẹni tí kò sí nílé gba kíkí lọ́wọ́ wa. Ojú tì mí, mi ò lè gbójú sókè.

Màmá ní, "Nígbà tí ọkọ ẹ nà ọ́ tó o sá wá sílé mi, kẹ́ ẹ tó lọ sí Amẹ́ríkà, ta ló ní kó o padà?"

Màmá fúnra wọn ló dá ara wọn lóhùn.

"Èmi ni. Mo ní kó o lọ fara dà á. Mo ti ọ́ jáde nílé mi. Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyẹn, kí wọ́n tó la àyà mi. Mo fẹ́ kó o wà níwájú mi, kí n kúnlẹ̀ fún ọ."

Mi ò gbọ́ ọ rí pé ẹ̀gbọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ẹkún bọ́ lẹ́nu Àǹtí, ẹkún ọmọdé, tí kò ní ìtìjú nínú. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù yín ló bà mí. Mo rò pé ẹ tún máa ní kí n padà." Màmá ń fi ọwọ́ pa fóònù náà lára, bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ tó ń sunkún.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n fún àwọn ní bírò. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà, díẹ̀díẹ̀. Mo sáré gbé e fún nọ́ọ̀sì kí ẹnikẹ́ni má baà yí ọkàn padà. Mo padà wá, mo ṣí fóònù mi, mo ní tíkẹ́ẹ̀tì tó kù náà wọ́n gan-an, ṣé kí n ra ti àlọ nìkan ná, kí á tó wá ti àbọ̀ rà.

Màmá ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n ti di ojú.

"Ra ti àlọ," ni wọ́n wí. "Má ra ti àbọ̀ rárá. Owó ọkọ̀ tí mo fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn pé kó padà sílé ọkùnrin yẹn, ó ti tó."