Ìlà Pupa Lára Ìwé Ọmọ

Báírò pupa kì í kúrò nínú gèlè ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, akọ̀wé káńsù ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kí ẹ̀dà ìwé ọjọ́ìbí ọmọ kankan tó jáde nílé wa, wọ́n á fa ìlà méjì gba àárín rẹ̀, wọ́n á sì kọ ohun tá a fẹ́ fi ṣe síbẹ̀. Ojú wọn ti rí ọmọ ọwọ́ tí ẹni ẹlẹ́ni fi orúkọ rẹ̀ gba síìmù. Wọ́n á ní, "Ìwé tí kò mọ ibi tó ń lọ, gbogbo ilé ló máa ń yà."

Ó máa ń bí mi nínú, títí ọkùnrin kan fi wá sí Osi, tó ń gba ẹ̀dà ìwé ọjọ́ìbí àwọn ọmọ, pé òun á fún wọn ní báàgì ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. A tò. Ó rí "Fún báàgì nìkan" lára tiwa, ó fajú ro.

"Màmá, ẹ ti ba èyí jẹ́. Ẹ mú èyí tó mọ́ wá."

"Báàgì ò mọ̀wé kà, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ fi èyí tó mọ́ ṣe?"

 Ìyá ìbejì tó wà lẹ́yìn wa gba ìwé tirẹ̀ padà, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ọwọ́ òfo ni ọkùnrin náà fi gun ọ̀kadà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi fọ́tò ìwé ọjọ́ìbí ọmọbìnrin mi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí lórí fóònù. Kíá ni wọ́n pè mí.

"Ìlà dà?"

"Ìyá, ẹ̀yin náà mà ni mo fi ránṣẹ́ sí."

"Mo mọ ara mi. Ọ̀nà tó gbà wá ni mi ò mọ̀."