Alápadúpẹ́ ní Kétu

Tíṣà Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kétu. Ẹni tó bá ń pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ, kó wá dúró síwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí nínú ooru ọ̀sán.

Ní sáà tó kọjá, ìwé ìtàn-àròsọ kan là ń kà, nípa ìlú kan láyé ìgbà tí ìgbóná ń pa èèyàn nípakúpa. Ìgbóná pa àkọ́bí obìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ nínú ìtàn náà. Ó ró aṣọ tó dáa, ó jókòó síta, ó ń dá gbogbo ẹni tó kí i lóhùn pé, "A dúpẹ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Aunty, ìyá yẹn burú o! Ọmọ ẹ̀ kú, ó ń dúpẹ́!"

"Ẹ panu mọ́ jàre! Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì bímọ."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé wọn kì í sunkún òkú ìgbóná láyé ọjọ́un. Olóde ni wọ́n ń pe òrìṣà tó ni àrùn náà. Ẹni tó bá sunkún ń bá Olóde jà nìyẹn, yóò sì padà wá mú ọmọ tó kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alápadúpẹ́, ẹni tó pani tán tí a tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́ ò burú. Ẹ̀rù ló ń bà á."

Mótúnráyọ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó ń jókòó létí fèrèsé, nawọ́ sókè. "Aunty, bá a ṣe ń ṣe nílé wa náà nìyẹn."

 Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pa ní Ìkòsì. Kíá ni mo ní ká ṣí ojú ìwé mìíràn, torí mi ò mọ̀ bóyá àbúrò ọ̀kan nínú àwọn tó pa á jókòó sí kíláàsì yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá Mótúnráyọ̀ wá bá mi.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ka ìwé yẹn mọ́. Ó sunkún mọ́jú. Àwọn tó pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀, iwájú ilé wa ni wọ́n ń jókòó sí. Tí wọ́n bá gbọ́ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan èyí tó kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àràárọ̀ ni mò ń kí wọn."

Inú bí mi. Àṣé èmi ló ń kọ́ ọmọ ní ayé àtijọ́ bí ẹni pé ó ti kọjá lọ!

"Mummy, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti sunkún?"

"Níbo, Aunty?"

Mo mú wọn lọ sí yàrá tí a ń kó ìwé sí. Mo kó bébà kúrò lórí àga kan, wọ́n jókòó. Wọ́n wò yíká.

"Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í, mo sì dúró síta. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí ẹni tí omi há lọ́fun. Nígbà tó yá, aago bíréèkì lù, àwọn ọmọ ya síta, ariwo gba gbogbo ọgbà. Mo fẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́.

"Mummy, ẹ sunkún báyìí. Ẹ ké dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́."