Heater Nínú Oòrùn

Láàárọ̀ yìí, òtútù àkọ́kọ́ dé sí Calgary. Bí mo ṣe tan heater ọkọ̀ mi, eruku inú rẹ̀ rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́ jó, mo bá tún bá ara mi nínú truck àtijọ́ Dádì mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Mo jókòó láàárín àwọn àti Mọ́mì, nínú oòrùn ọ̀sán.

Trailer ńlá kan tí bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀ là ń fà lọ sí Vancouver. Bí a ṣe ń gun òkè ni ẹ́ńjìnì ń gbóná, Dádì bá tan heater kó lè fa ooru kúrò lára rẹ̀. Gbogbo wa ń làágùn.

"Are we going camping?" ni mo bi wọ́n.

Dádì bojú wo Mọ́mì. Mọ́mì ní, "Ẹ máa wakọ̀ yín, Daddy Simi. Ooru yìí kúkú dà bí ti Ìbàdàn."

Nígbà tó yá, a dúró kí ẹ́ńjìnì lè tutù. Dádì da omi àlùwàlá inú bútà sínú radiator, wọ́n wá fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fi pa ojú àti ọwọ́ wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Ọlọ́run máa gba iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ wa," ni wọ́n wí. "Truck ò ní gbà á."

Wọ́n kírun, wọ́n forí kanlẹ̀ títí, mo rò pé wọ́n ti sùn lọ ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ epo rọ̀bì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ilé wa náà ti lọ, inú trailer yẹn nìkan ló kù tí a máa sùn sí.

Ọkọ̀ mi ti móoru tán báyìí. Mi ò tíì fẹ́ pa heater.