Àkàrà Ọdún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tọ́ Wò

Ẹ má fi àkàrà ọdún lọ̀ mí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti dé, wọn á gbé tiwọn sá fún mi, wọn á ní ìyá àgbà ò fẹ́ rí i. Kì í ṣe pé kò dùn. Ó dùn jù, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó ní Kambolé, nígbà tí Jámánì ṣì ń jọba lé wa lórí, àkàrà yẹn ni wọ́n fi lé mi kúrò nílé ọkọ.

Kì í ṣe àkàrà ẹ̀wà ni mo ń wí o. Àgbàdo ni a máa ń yan díẹ̀, tí a ó lọ̀ kúnná, tí a ó wá fi òróró ẹ̀pà àti oyin pò títí yóò fi le dáadáa. A ó ṣù ú róbótó, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, a ó tò ó sórí ewé nínú ìkòkò, a ó sì fi àpáàdì tí ẹyin iná kún inú rẹ̀ bo ìkòkò náà. Iná lókè, iná nísàlẹ̀. Bó bá jinná, á pọ́n, wàá máa rún un wómúwómú. Kò sí ilé mìíràn ní Kambolé tó ń ṣe é. Ìyá ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ tirẹ̀, ó sì ń fi í yangàn bí ẹni pé òun ló dá àgbàdo.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a bá ń retí oṣù ni wọ́n máa ń ṣe é, kó lè ti tutù kí àárọ̀ ọdún tó dé. Gbogbo wa la sì ń gbààwẹ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ta ni yóò tọ́ ọ wò? Ọmọdé ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, wọ́n ní bí ọmọdé bá kọ́kọ́ fẹnu kàn án, kò níyì mọ́ láti gbé fún Lémọ́ọ̀mù. Nítorí náà, obìnrin ilé tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, tí kò sì lè gbààwẹ̀, òun ni atọ́wò. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àlùfáà kan tó sọ fún mi pé kí èèyàn fi ahọ́n kan nǹkan, kó sì tu ú dànù, kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ilé wa ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tàbí wọ́n mọ̀, wọn ò fẹ́ mọ̀, torí ojú agbo ni ìyá ọkọ mi ti máa ń fi ọ̀rọ̀ atọ́wò yẹn ka ikùn àwọn ìyàwó, kó lè mọ ẹni tó lóyún àti ẹni tí kò ní.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe nílé wọn, èmi ni mo tọ́ ọ wò. Èkejì, èmi náà ni. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá sọ mí ní Atọ́wò. Bí mo bá gbé omi kọjá, wọn á ní, "Atọ́wò, ṣé omi náà dùn?" Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nìkan ni kì í bá wọn pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i lójú wọn, mo sì ń gbé omi mi lọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kẹta bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ mi jókòó sí àgbàlá, ó ní kí gbogbo obìnrin ilé gbọ́. Ó ní bó bá jẹ́ èmi ni mo tún tọ́ àkàrà ọdún wò lọ́tẹ̀ yìí, kí n di ẹrù mi padà sí Tchamba sọ́dọ̀ bàbá mi, torí òun ti rí ọmọbìnrin kan ní Koussountou, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, obì nìkan ló kù. Ó sọ ọ́ níṣojú ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin tí Jámánì na lẹ́gba lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fipá múni ṣe, tí kò mira, kò lè wo ojú ìyá rẹ̀!

Iṣẹ́ ọ̀nà yẹn náà ló fa àìsí oyin. Àwọn tó máa ń wá oyin fún wa, wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ sí ọ̀nà Sokodé, wọ́n ń fọ́ òkúta. Ìyá ọkọ mi ní dípò kí àkàrà òun má ṣeé ṣe, òun á fi ṣúgà òyìnbó ṣe é, ohun tí àwọn Hausa ń pè ní súkárì. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì fi ṣe nǹkan kan rí. Ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà, nígbà tó ń bọ̀, ó ra ṣúgà ní Sokodé, ó sì ra iyọ̀ funfun, èyí tó ń ti etíkun wá, tó kúnná, kì í ṣe iyọ̀ wa tó rí kugúkugú. Aṣọ kan náà ló ya sí méjì, ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìyá rẹ̀ gba méjèèjì, ó kó wọn sí yàrá rẹ̀, ó ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn wọ́n.

Ní tèmi, mo gba ààwẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mi ò já ọ̀kan. Ẹ̀yin obìnrin mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fi ẹnu mi bà á jẹ́.

Ọjọ́ tí a ń retí oṣù dé. Mo wà nídìí ọlọ, mò ń lọ àgbàdo. Ìyá ọkọ mi wọ yàrá rẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló tú ohun tó wà nínú aṣọ sí igbá, ọkọ mi ló bá a gbé igbá náà jáde. Ìyá rẹ̀ dà á sórí ìyẹ̀fun, ó pò ó, ó dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

Ó ní, "Atọ́wò dà?"

Mo ní, "Ìyá, mo gbààwẹ̀."

"O ṣe kí ni?"

"Mo gbààwẹ̀, Ìyá. Mi ò já ọ̀kan látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀."

Ìyá ọkọ mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ ńlá! O ń jẹun níkọ̀kọ̀, o wá ń fi ààwẹ̀ bojú torí o mọ ohun tí mo sọ." Ó bu ìyẹ̀fun pípò náà, ó gbé e wá sẹ́nu mi. "Tọ́ ọ wò." Mo di ẹnu mi pinpin. Ó fi í ra mí létè. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn, bí ẹni ń fi ògì ra ọmọ ọwọ́ lẹ́nu! Mo sáré bu omi, mo fọ ètè mi, mi ò jẹ́ kí ìyẹ̀fun kankan kàn mí láhọ́n. Omi ń bọ́ lójú mi, kì í ṣe omi ẹ̀dùn, inú ló ń bí mi.

Ìyálé mi ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíràn nílé kejì."

Ìyá ọkọ mi ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. "Ẹnikẹ́ni ò ní tọ́ ọ wò. Mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí yín. Kí òpùrọ́ yìí lọ máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́."

A yan án. Wọ̀láhì, mi ò rí àkàrà tó pọ́n dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Láàárọ̀ ọdún, bí wọ́n ṣe dé láti Yídì, ó gbé àwo kan lọ fún Lémọ́ọ̀mù, ó di igbá ńlá kan, ó kó obì lé e lórí, ó ní kí ọkọ mi gbé e lọ sí Koussountou lójú ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ dúró kí oúnjẹ ọdún jinná! Ọkọ mi gbé igbá náà rù. Ó wò mí, mo wò ó, ó lọ.

Lémọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó bù ú jẹ, ó tu ú, ó ránṣẹ́ pé ṣé òun ṣẹ ìyá ni. Iyọ̀! Iyọ̀ gidi, bí ẹni bu ẹ̀kún ọwọ́ sẹ́nu. Ìyá ọkọ mi sáré wọ yàrá rẹ̀, mo sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i bó ṣe tú aṣọ kejì, tó ki ìka bọ̀ ọ́, tó sì lá a. Ṣúgà náà wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ó gbójú sókè, ó rí mi, a jọ wo ara wa. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ó di aṣọ náà padà.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi dé pẹ̀lú igbá àti obì. Àwọn ará Koussountou ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ àwọn kì í kó iyọ̀ bọ àwọn lẹ́nu lọ́jọ́ ọdún. Ilé kún. Ìyá ọkọ mi wá pariwo pé èmi ni. Ó ní èmi ni mo yọ́ wọ yàrá òun, mo pààrọ̀ rẹ̀ torí owú, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀ tí mi ò tọ́ ọ wò. Ẹ ò rí i bí! Lánàá, ó ní n kò gbààwẹ̀. Lónìí, ààwẹ̀ tí mo gbà ló di ẹ̀rí pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Àwọn àgbà ilé ń mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà jọ bẹ́ẹ̀.

Mo yíjú sí ọkọ mi. Òun ló bá ìyá rẹ̀ gbé igbá jáde, ó mọ ẹni tó bù ú. Mo ní, "Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́." Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Mo di ẹrù mi lọ́jọ́ kejì ọdún.

Ní Tchamba, lọ́dọ̀ bàbá mi tó ń ṣòwò obì, ni oyún náà ti yọ, ibẹ̀ ni mo sì bí ọmọkùnrin kan sí. Kò pẹ́ tí ìròyìn dé Kambolé tí wọ́n fi dé tìlùtìfọn, ìyá ọkọ mi, àwọn àgbà, Lémọ́ọ̀mù. Wọ́n jókòó sí yàrá bàbá mi, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Dárí jì mí! Mo gbé ọmọ lọ sẹ́yìnkùlé, mo ń wẹ̀ ẹ́ kí n má bàa sọ̀rọ̀ burúkú níwájú àgbà.

Ọkọ mi tẹ̀ lé mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó ń wo ọmọ náà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́."

Mo ní, "Ìyá yín wà nínú yàrá yẹn, Lémọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, bàbá mi náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn, màá tẹ̀ lé yín lónìí."

Ó wá ní, "Ìyá ti dàgbà."

Mo ṣan ọmọ náà tán, mo nù ún, mo fi òrí pa á lára. Mo wá ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí wọ́n fún àwọn àlejò lóúnjẹ dáadáa kí wọ́n tó máa lọ, torí mi ò ní bá wọn lọ.