Obìnrin Tó Ń Dáhùn Tẹlifóònù ní Ọ́fíìsì Wa

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, Airport Road ní Benin ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn káfíńtà pọ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, èérún igi wọn á máa fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, á bà lé tábìlì, á bà lé tíì, á bà lé irun orí wa. Ọ́fíìsì kékeré kan tó ń bá àwọn èèyàn wáṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí nǹkan ti ń le, tí àwọn iléeṣẹ́ sì ti ń lé òṣìṣẹ́ dànù. Láràárọ̀ ni èrò máa ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Àwọn tí ara wọn pé la máa ń fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tiro tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran bá wọlé, ọ̀gá mi, ọmọ Benin kan tó láàánú gan-an, á ti ọwọ́ bàpò, á fún un ní ohun tó bá bá níbẹ̀, á ṣàdúrà fún un, ó parí. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Sàráà ni, ta ni yóò sì bá èèyàn jà torí pé ó ṣe sàráà?

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pàdé obìnrin náà, níbi ìsìn Yorùbá tí àwa tá a wá láti ìwọ̀-oòrùn máa ń ṣe ní Oregbeni. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àìsàn ló gba ojú rẹ̀ ní kékeré. Ó ti kọ́ iṣẹ́ tẹlifóònù ní Èkó, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, ó yege, ṣùgbọ́n kò rẹ́ni gbà á síṣẹ́, ló bá wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Oliha. Ẹ̀gbọ́n náà ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ìsìn, níṣojú obìnrin náà: "Tí Kérésì bá dé, mo máa mú un lọ sílé fún ìyá wa. Kí ló ń ṣe níbí ju kó jókòó lọ?" Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí," ó ní, "tí mo bá padà sí abúlé yẹn, inú yàrá ìyá mi ni màá darúgbó sí." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo mú un káàkiri iléeṣẹ́. Ha! Ojú mi rí nǹkan. Níbi àkọ́kọ́, a ò tíì kí wọn tán tí akọ̀wé ẹnu ọ̀nà fi ki kọ́bọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tó ní ká máa lọ. Níbi kejì, ìrẹsì ni wọ́n dì fún wa. Ibi tó dùn mí jù ni iléeṣẹ́ ìlagi ńlá kan, torí mo mọ̀ dájú pé ẹni tó ń bá wọn dáhùn tẹlifóònù fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Máníjà ibẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń kánjú sọ̀rọ̀, fi náírà kan sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà ká tó jókòó. "Madam, God go help you." Obìnrin náà fọwọ́ wá etí tábìlì, ó gbé owó náà lé e jẹ́jẹ́. "Thank you, sir. Na work I come find." Ojú máníjà le. Lójú tiẹ̀, a ti kẹ́gàn àánú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sìn wá jáde. Inú ń bí mi, òun ló ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ká ní a kó gbogbo ẹ̀ jọ ni, à bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Bí mo ṣe ń bínú tó, mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe ìkà. Bí wọ́n bá ti rí afọ́jú báyìí, ọwọ́ wọn ti dé àpò, etí wọn ò sì gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Mo wá rí i pé a gbọ́dọ̀ wá bí wọn yóò ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹni tó ń dáhùn tẹlifóònù ní ọ́fíìsì tiwa lọ bímọ. Tẹlifóònù á máa dún, a ó máa wo ara wa lójú. Mo wọlé tọ ọ̀gá mi lọ, mo ní kó jẹ́ kí obìnrin náà jókòó síbẹ̀. "Who go see the board for am?" ló bi mí. Mo ní kó gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan péré, bí ìpè kankan bá sọ nù, kó mú èmi. Ó ní, "Na you I go hold o."

Bọ́ọ̀dù tí a fi ń so ìpè pọ̀ ní ọ́fíìsì wa, ti àtijọ́ ni. Bí ìpè bá wọlé, irin pẹlẹbẹ kékeré kan á já wálẹ̀, á dún kó. Ọwọ́ obìnrin náà á ti bà á, á ti mọ èyí tó já, á ki wáyà bọ ihò tó yẹ, á wá dáhùn pẹ̀lú ohùn kan tó mọ́, tó tutù bí omi àmù. Kò pẹ́ tó fi mọ ohùn gbogbo àwọn tó ń pè wá, ó ń fi orúkọ kí wọn kí wọ́n tó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá láìnídìí, á máa rẹ́rìn-ín sínú. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sẹ́ni tó rántí pé ọ̀sẹ̀ kan la sọ.

Máníjà iléeṣẹ́ ìlagi yẹn náà máa ń pè, torí ọ̀dọ̀ wa ló ti ń gba lébìrà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni obìnrin náà ti dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Kò jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn ti pàdé rí, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Nígbà tí Kérésì wá ku díẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ra àpótí tí wọn yóò kó ẹrù rẹ̀ sí, máníjà pe ọ̀gá mi: "Abeg, that your operator, give me am. My own don go." Ọ̀gá mi ní kó wá bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọlọ́gbọ́n èèyàn!

Ọjọ́ kejì ni pikọ́ọ̀pù máníjà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa ṣe bí ẹni tó ń kọ̀wé. Ó wọlé, ó ní, "Where the woman?" Obìnrin náà yíjú sí i. "Good morning, sir. You're welcome. That your lorry don come back?" Lórí tẹlifóònù ló ti ráhùn sí i lánàá nípa lọ́rì tó bàjẹ́ sọ́nà. Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó tún ń lọ sápò, ó ti mọ́ ọn lára. Ọwọ́ náà dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró, ó wá fi nu òógùn ojú rẹ̀. Irin kan já lórí bọ́ọ̀dù. "Excuse me, sir," ni obìnrin náà wí, ó dáhùn ìpè, ó so ó pọ̀ mọ́ ọ̀dọ̀ akọ̀wé wa, ó tún yíjú padà. Máníjà kọjú sí ọ̀gá mi. "Na she be this?"

"Na she."

"Monday," ló sọ fún obìnrin náà. "My driver go come carry you."

Ariwo ta bí ìgbà tí góòlù wọlé! Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàtẹ́wọ́, èmi bú sẹ́kún ayọ̀, ojú ò sì tì mí. Nígbà tí Kérésì dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló lọ sílé, aṣọ tí obìnrin náà rà fún ìyá wọn ló kó sínú àpótí.

Láti ìgbà náà ni ọ̀gá mi ti yí bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ó ní ẹnikẹ́ni tí àwọn iléeṣẹ́ bá ń fi sàráà lé lọ, kó kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Adití kan rán kọ́tìnnì gbogbo fèrèsé wa. Ọkùnrin kan tó ń fi igi rìn tún àwọn àga ṣe. Àlejò á jókòó, àga ò ní mì, á bi wá pé ta ló ṣe é, ìgbà yẹn la ó tó pè é jáde. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ríṣẹ́, irọ́ ò dáa, ṣùgbọ́n àwọn tó rí i pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ọkọ mi kó wa lọ sí Ìbàdàn, mo pe iléeṣẹ́ ìlagi náà láti kí obìnrin náà. Ó dá ohùn mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Àǹtí mi! Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, ọwọ́ mi dí." Ló bá fi mí sílẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dá àwọn mìíràn lóhùn. Owó tẹlifóònù ń lọ, mo dúró, mo ń dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Gbogbo bí a ṣe sáré kiri Benin nígbà yẹn, ohun tí mo ń wá fún un kò ju ìyẹn lọ: kí ọwọ́ rẹ̀ dí débi pé èmi pàápàá máa dúró dè é.