Àjíkẹ́ Kọ̀, Kò Gba Orí Afárá

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní ilé wa ní Kabba, iṣẹ́ méjì ni mo kórìíra jù: omi pípọn lásìkò ọyẹ́ àti ègúsí bíbó. Omi pípọn tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí ẹsẹ̀ á máa rìn, ojú á sì máa ríran. Ègúsí bíbó ni ìyà gidi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ti bó o rí, ẹ mọ bí èékánná ṣe máa ń ta èèyàn tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí kò ní ṣeé fọwọ́ kan ata mọ́. Tá a bá ti ilé ìwé dé, ìyá mi á gbé apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní kò sẹ́ni tó máa fojú kan iyán títí a ó fi bó o tán. Òórùn ọbẹ̀ ìṣápá á sì máa ti ilé ìdáná wá bá wa níbi tá a jókòó sí, bí ẹni ń fini ṣe yẹ̀yẹ́.

Bọ̀dá Ṣọlá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló wá eré kan tó jẹ́ ká lè fara dà á. Ó ti jáde ilé ìwé girama nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sówó tí yóò fi tẹ̀ síwájú, nítorí náà ó ń bá bàbá wa lọ sóko kọfí. Á fi èédú ya ilẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀: odò níbí, igbó lọ́hùn-ún, ìlú kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé rí lókèèrè. Èmi àti Músá, ọmọ Alhaja ilé kejì, á wá mú ẹni inú àròsọ kọ̀ọ̀kan tí a ó máa rin ìrìn àjò náà fún. Ẹni ti Músá jẹ́ jagunjagun tó máa ń jẹun púpọ̀, bíi Músá fúnra rẹ̀. Tèmi ni Àjíkẹ́, ọdẹ obìnrin. Bọ̀dá Ṣọlá á sọ ohun tó wà níwájú wa, á wá béèrè pé, "Kí lo máa ṣe?" Ohun tá a bá wí ni Àjíkẹ́ tàbí jagunjagun ń ṣe. Tó bá jẹ́ ohun tó le, bíi kéèyàn bá ẹkùn wọ̀jà, a ó da ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́rin sílẹ̀. Tí èyí tó dojú sókè bá pọ̀ jù, a ti borí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á padà sídìí ègúsí.

Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀. Ó ní ẹnu ẹni la fi ń rìn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu tirẹ̀ rìn fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan Músá gbàgbé, ó ní Àjíkẹ́ ti sá lọ. Bọ̀dá Ṣọlá ní kó kúnlẹ̀ kó gbọ́wọ́ sókè, bẹ́ẹ̀ Músá kì í ṣe ọmọ ilé wa. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ apá.

Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ afárá. Odò kan kún lójú ọ̀nà wa, afárá kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, mo sì rí i lójú Bọ̀dá Ṣọlá pé ó ti kó àwọn olè pa mọ́ sí òdìkejì. Músá ti fẹ́ sáré gorí afárá. Èmi ní Àjíkẹ́ ò lọ. Mo ní ó máa dúró létí odò, kó pàgọ́, kó gbin iṣu títí omi á fi fà. Músá pariwo pé mo fẹ́ ba eré jẹ́. Bọ̀dá Ṣọlá kọ́kọ́ fajú ro, torí ó ti ń ronú àwọn olè yẹn láti àárọ̀. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa afárá náà rẹ́ pátápátá, ó sì fi èédú ya poro oko síbẹ̀. A jẹun lóko yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé adùn rẹ̀ fún yín, pé ẹni tó jù mí lọ pa èrò ara rẹ̀ tì nítorí ọ̀rọ̀ tó tẹnu mi jáde. Ìyá mi dé, ó rí sìmẹ́ńtì rẹ̀, ó ní kí gbogbo wa fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́.

Ọdún tí mo jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àbúrò bàbá mi obìnrin wá láti Ìsánlú. Ó gbé búrẹ́dì wá, ó ń kí gbogbo ilé, "Okun o, okun o." Mo ti yege ìdánwò sí ilé ìwé girama ní Kabba níbí, ìyá mi sì ti ra aṣọ ilé ìwé. Àǹtí ní òun fẹ́ ẹni tí yóò máa ran òun lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, òun á sì fi mí sílé ìwé lọ́hùn-ún. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, yóò wá ran Bọ̀dá Ṣọlá lọ́wọ́ láti wọ ilé ìwé gíga. Wọ́n pè mí sí pálọ̀. Mo kúnlẹ̀.

Bàbá mi pe orúkọ mi, ó ní, "Dúpẹ́, o ti gbọ́ ohun tí Àǹtí rẹ wí. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ lọ?"

Mi ò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ wọ aṣọ ilé ìwé mi, kí n máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Mo ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àfojúdi. Mi ò tíì la ẹnu nígbà tí Bọ̀dá Ṣọlá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn mi.

"Ó fẹ́ lọ, Bàbá. Ó ti sọ fún mi."

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpùrọ́ níwájú àlejò? Wọ́n ti kọ́ mi dáadáa. Bàbá mi mi orí pé ó dáa, Àǹtí ní kí n dìde lọ palẹ̀ mọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò sọ fún mi pé ẹlòmíràn lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn kó tó sọ ọ́.

Àǹtí kì í ṣe ìkà. Kò lù mí láìnídìí. Kò kàn bi mí léèrè ohunkóhun mọ́ ni. Mo ta ṣúgà, mo ta òróró, mo pọn àwọn ìbejì rẹ̀ títí wọ́n fi ń rìn. Ilé ìwé ń di ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà tí mo ti bímọ méjì ni mo tó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni ìyá mi sọ fún mi pé bàbá ti ṣàdéhùn pẹ̀lú Àǹtí kí wọ́n tó pè mí: bí mo bá ní mi ò lọ, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹnikẹ́ni ò ní mú mi lọ. Ìbéèrè tòótọ́ ni bàbá mi bi mí ní pálọ̀ yẹn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ni inú ti ń bí mi, kò sì tíì rọ̀.

Bọ̀dá Ṣọlá ti di ẹni ńlá ní Abuja. Ó rántí èédú, ó rántí afárá, kò rántí pálọ̀. Mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní, "Ìwọ lo kúkú ní o fẹ́ lọ."

Láyé ìgbà tiwa, a kì í bi ọmọdé ní ohun tó fẹ́. Lónìí, wọ́n ń bi wọ́n ní oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ, ilé ìwé tí wọ́n máa lọ, iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ráhùn pé ó ti ba àwọn ọmọ jẹ́. Èmi kì í bá wọn ráhùn. Àwọn ọmọ Bọ̀dá Ṣọlá wá ṣọdún Kérésì nílé, wọ́n ní irú eré tá a fi èédú ṣe yẹn nínú páálí, pẹ̀lú dáìsì olójú púpọ̀. Bàbá wọn jókòó tì wọ́n, ó ń yangàn pé òun ti ṣe é kí òyìnbó tó kó o dé. Tómi, àkọ́bí rẹ̀, ló ń darí wọn. Ó fà mí lọ́wọ́ jókòó, ó ní ẹni tèmi dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin kan, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

"Àǹtí Dúpẹ́, kí lẹ máa ṣe?"

Gbogbo wọn ń retí mi. Kò sẹ́ni tó kán mi lójú. Mo la ẹnu. Ìgbà tí mo máa fi mọ̀, ojú Bọ̀dá Ṣọlá ni mo ń wò, kó bá mi sọ ọ́.